“Brain fag”: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọpọlọ tó rẹ̀, tí wọ́n sọ di àìsàn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa

Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà ní Agbowó kì í sùn mọ́. Ẹni tó bá gba títì tó lọ láti gétì yunifásítì náà sí Bódìjà kọjá ní ààjìn òru yóò gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, yóò sì rí ọmọ tó jáde wá ra búrẹ́dì àti kọfí, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó fi igi tútù dáná. Ẹlòmíràn á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ. Ẹlòmíràn á máa jẹ obì. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ìwé yóò wà níwájú ọmọ náà, yóò ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní í mọ ohun tó kà. Orí rẹ̀ á máa gbóná, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, ọrùn rẹ̀ á le gbagidi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí, mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lásìkò tiwọn: “brain fag.”

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀. “Brain” ni ọpọlọ, ìyẹn kò ṣòro. “Fag” ni kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, àní àwọn tó ń lò ó pàápàá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ni, ó ti wà lẹ́nu àwọn Òyìnbó láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ohun tó túmọ̀ sí ni kí nǹkan rọ, kí ó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ewé tí oòrùn ń pa. Láti ibẹ̀ ló ti di kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn títí ara rẹ̀ yóò fi rọ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀: bí iṣẹ́ kan bá gba agbára, tó súni, tí kò sì lérè tó ṣeé tọ́ka sí, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á ní “a fag” ni. Ẹni tó bá sì sọ pé òun “fagged out”, ohun tó ń wí ni pé ó ti rẹ òun tẹnutẹnu, kò sí okun kankan tó kù lára òun.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rán ọmọ wọn lọ tún lo ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn. Ọmọ kékeré tó ń bá ọmọ kíláàsì òkè nu bàtà, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń se tíì fún un, “fag” ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó gbé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ wa mọ irú ìṣe yìí dáadáa, orúkọ nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Sìgá náà ń jẹ́ “fag” lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíràn ni ìyẹn gbà wọlé, láti ara ìdí sìgá tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fà á tán.

Ìtumọ̀ kan ṣì kù tó yẹ kí ẹni tó ń rán ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti sọ “fag” di èébú burúkú níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń bú ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó gboyè jáde ní Ìbàdàn, tó wá jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston tàbí Chicago, tó ní òun ti “fag”, lè rí i pé gbogbo ojú yí padà sí òun, kò sì ní í mọ ohun tí òun ṣe. “Exhausted” tàbí “drained” ni kí ó sọ níbẹ̀. “Drained” gan-an dà bí adágún tí wọ́n fa omi rẹ̀ tán, tó wá ku ẹrẹ̀ nìkan. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, kò sì sí èébú nínú wọn.

Ta ló wá kọ́kọ́ so “brain” mọ́ “fag”? Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ayaba Victoria wà lórí oyè, ni gbólóhùn náà gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayé ń yí padà níbẹ̀ nígbà náà. Reluwé dé, iṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀ sí i, ìdánwò ni wọ́n sì wá ń fi gba ènìyàn sínú iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ dókítà ibẹ̀ gbà pé agbára tó wà nínú ọpọlọ níye, bí owó tó wà nínú àpò: bí ènìyàn bá ná an ní ìnákúnàá, yóò tán, àìsàn ni yóò sì rọ́pò rẹ̀. Akọ̀wé, lọ́yà, àlùfáà, oníṣòwò ńlá àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sọ pé ó máa ń ṣe jù. Ní 1869, George Beard, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ ẹ jáde. “Neurasthenia” ni ó pe tirẹ̀. Ní 1884, ariwo ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Dókítà James Crichton-Browne kọ ìjábọ̀ tó fi sọ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń dì lé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí ti pọ̀ jù, ó sì ń ṣe ìpalára fún wọn. Àwọn olóògùn náà kò sùn. Phosferine, oògùn afúnnilókun kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀, ka “brain fag” mọ́ àwọn ohun tó lè wò.

Ọ̀rọ̀ yìí, nígbà náà, kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Ohun tí ọ̀mọ̀wé fi ń yangàn díẹ̀ ni. Ẹni tó ní “brain fag” ń sọ fún ayé pé òun kì í ṣe alágbàṣe. Ọpọlọ ni òun fi ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó máa fi di àárín ọ̀rúndún ogún, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa á tì. Ní Nàìjíríà kò kú. Kò ṣòro láti fojú inú wo ọ̀nà tó gbà wọlé: tíṣà Òyìnbó, ìwé Òyìnbó, oògùn Òyìnbó. Ní 1948 ni wọ́n dá University College Ibadan sílẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n kó wá láti Yaba Higher College. Títí di 1962, abẹ́ Yunifásítì London ló wà, dìgírì London ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Ọmọ tó wọlé síbẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe ọmọ ẹni kan ṣoṣo. Bàbá ti ta kòkó, ìyá ti kó èsúsú, ẹ̀gbọ́n ti fi ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ, ìlú mìíràn sì ti dáwó jọ. Àwọn àbúrò tó kù nílé ń wo ọ̀nà kí ó ṣe tán kí ó wá fa àwọn náà sókè. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá féèlì, òun nìkan kọ́ ló féèlì.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí Raymond Prince dé. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni, ó sì wá ṣiṣẹ́ ní 1957 ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà ní Aró, Abẹ́òkúta. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta gan-an, ló ń darí ibẹ̀ láti 1954, òun náà ló dá ètò sílẹ̀ pé kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn. Iṣẹ́ yìí ló gbé orúkọ Aró dé òkè òkun. (Lambo padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ó sì di gíwá yunifásítì ní 1968.) Prince ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àti ti yunifásítì ń wá pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn kan náà. Ní 1960, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọlé rẹ̀ ni “The ‘Brain Fag’ Syndrome in Nigerian Students.” Kì í ṣe òun ló sọ ọ́ lórúkọ o, ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti gbọ́ ọ, wọ́n ní ìwé àkàjù ló fà á.

Ohun tó kọ sílẹ̀ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ní Agbowó rí. Wọn kò lè fi ọkàn sí ohun tí wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kà á, kò ní í dúró sórí. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì tàbí kí ó máa ro wọ́n. Orí ń dùn wọ́n, ọrùn ń dùn wọ́n, nígbà mìíràn wọ́n á ní ó dà bí ẹni pé iná ń jó nínú orí àwọn tàbí pé nǹkan kan ń rìn kiri níbẹ̀. Ojú wọn kì í sì í fàrọ̀. Prince tilẹ̀ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe máa ń fi ọwọ́ pa àtàrí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìgbà tí ìdánwò bá ń bọ̀ ló máa ń le jù.

Lórí ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iyàn. Prince wò ó pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn Òyìnbó, níbi tí olúkúlùkù ti ń dá jókòó ti ìwé, tí ó sì ń dá ru ẹrù ara rẹ̀, kò bá ìgbé ayé ọmọ Áfíríkà mu, nítorí àwùjọ ni ọmọ Áfíríkà fi ń ṣe ohun gbogbo. Ó tún mẹ́nu ba ẹrù tí mọ̀lẹ́bí ń dì lé ọmọ lórí. Apá kejì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni kò rọrùn láti gbà, nítorí ẹni tó bá ti wo àwọn ọmọ kéú tí wọ́n ń kọ́ Àlùkùránì sórí, tàbí ọmọ awo tó ń kọ́ ẹsẹ Ifá fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò mọ̀ pé ìkẹ́kọ̀ọ́ tó gba orí kì í ṣe ohun tí Òyìnbó kó dé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ara ọmọ Áfíríkà nìkan ni kò gba ìwé àkàjù, kí ló dé tí akọ̀wé ìlú London fi ń mu Phosferine?

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà wádìí rẹ̀. R. O. Jẹ́gẹ́dẹ́, oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní 1983, ó sì tọ́ka sí i pé kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní orúkọ yẹn. Àníyàn wà níbẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì sì wà níbẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morákínyọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ó wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì rí i pé ìfẹ́ àtiborí ló gbóná jù lára wọn: wọ́n ń lo ohun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, wọ́n sì ń fi oorun du ara wọn títí ara fi kọ̀. Ó kọ́ àwọn kan nínú wọn bí wọ́n ṣe lè dẹ iṣan ara wọn. Iṣẹ́ Morákínyọ̀ yìí ni ó wúlò jù fún òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì, nítorí ọ̀rọ̀ oorun ni ọ̀rọ̀ tí òbí lè rí dì mú. Kọfí, obì, ọtí amúnitají inú agolo àti oògùn oníhóró tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ara wọn kì í fún ọpọlọ lágbára. Wọ́n kàn ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, yóò sì jáde lọ́jọ́ tí kò yẹ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ inú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò tètè rí ohun kan tí ó lè fara pamọ́ fún Òyìnbó nínú gbogbo èyí. Kí ọmọ tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ní in ní Yorùbá. “Ó rẹ̀ mí” ni a máa ń gbọ́, ẹni tó ti oko dé lè sọ ọ́, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ náà lè sọ ọ́. Bí ọmọdé bá sáré wọlé tó ní “ó rẹ ìyá mi”, kò sí ẹni tí yóò bèèrè irú iṣẹ́ tí ìyá ṣe, “kí ló ń ṣe é?” ni wọn yóò bèèrè. Àárẹ̀ náà bákan náà: ara tó rọ ni, àìsàn sì ni. (Kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀ o. Ààrẹ tó ń ṣe olórí ìjọba kì í ṣe àárẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan lè jiyàn.) Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Yorùbá bá sọ fún dókítà pé ọpọlọ òun ti rẹ̀, kì í ṣe pé ó ń ṣàròyé iṣẹ́ nìkan. Ó lè jẹ́ pé ó ń sọ pé ara òun kò yá, kí wọ́n bi òun léèrè.

Yorùbá kò sì fi gbogbo àárẹ̀ sójú kan. “Agara dá mi” ju kí ara rọ lọ, ìbínú àti àìnírètí ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí agara dá ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà. “Ó sú mi” yàtọ̀ sí i: agbára lè ṣẹ́ kù lára, ọkàn ni ó ti kúrò níbẹ̀. “I don tire” tí wọ́n ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà ìgboro, “ó sú mi” yìí ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe “ó rẹ̀ mí”. Ìrẹ̀wẹ̀sì wà lọ́tọ̀, òun ni àwọn oníṣègùn ń lò báyìí fún “depression”. Kò sí èyí tó bá “brain fag” mu gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ nínú ìwé lè kọ “àárẹ̀ ọpọlọ”, yóò yé ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ohun tí wọn yóò sọ nínú ilé ni “ìwé ti pọ̀ jù lórí ọmọ yẹn.”

Ti ohun tó ń rìn kiri nínú orí, àwọn àgbà ti ní orúkọ fún un kí yunifásítì tó dé: ọdẹ orí. Wọ́n ní ó máa ń rìn lábẹ́ awọ orí bí kòkòrò, á máa dún gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ létí, á sì máa jẹ́ kí àyà já. Kì í mú akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, ó lè mú ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀wé rárá. Ní 1987, Roger Mákanjúọlá, oníṣègùn ọpọlọ tó ṣe gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, kọ ìwádìí jáde lórí rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní in. Ẹni tó bá fi ọdẹ orí àti “brain fag” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí i pé wọ́n jọ ara wọn púpọ̀. Ohun tó pín wọn níyà ni ẹni tó ń sọ ọ́: ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo tàbí wòlíì, èkejì ń lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá.

Ní 1994, ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí kò dé rí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìwé ńlá kan tí wọ́n fi ń to orúkọ àìsàn ọpọlọ, DSM ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ tó jáde lọ́dún náà, wọ́n fi “brain fag” sí ẹ̀yìn ìwé, láàárín àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ mọ́ àṣà àwọn ènìyàn kan. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà. Àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi ṣàpèjúwe ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì fà lé wa lọ́wọ́, ni wọ́n padà wá kọ sílẹ̀ bí àrùn tó jẹ́ tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé náà ní London tàbí New York yóò rò pé ọmọ Nàìjíríà ní irú orí kan tí kò gba ẹ̀kọ́. Ní 2013 tí ẹ̀dà karùn-ún jáde, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ nǹkan mìíràn ni.

Ẹni tó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa ni Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé. Ní 2015, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Nàìjíríà ń ṣe sí i. Àwọn 102 ló dá wọn lóhùn. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 98 ló mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n 22 péré ló ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí àìsàn aláìsàn wọn. Àwọn tó kù ń kọ àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní 2020, Ayọ̀nrìndé tún kọ̀wé lórí “brain fag” ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì fi hàn pé àwọn ìwé ibẹ̀ kún fún un tipẹ́tipẹ́ kí Prince tó fẹsẹ̀ tẹ Aró.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ipò rẹ̀ nínú Ìbàdàn tuntun. Ní Dùgbẹ̀, nínú àwọn ọ́fíìsì tó yí Cocoa House ká, “stress” ló gbòde, wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe: “má stress mi.” Òṣìṣẹ́ báńkì tó ń jí ní ìdájí ní Challenge, tí yóò tún bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ jà lálẹ́ lójú ọ̀nà Ring Road, á ní òun ti “burn out”. Awakọ̀ tó gbé e kò nílò Gẹ̀ẹ́sì tó le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì òun ti nọ́ọ̀kì, ìyẹn náà ti tó.

“Burnout” yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1974 ni Herbert Freudenberger, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí wọ́n bí ní Jámánì, tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn tálákà, bí ìtara wọn ṣe ń jó tán bí ilé tó ku ògiri nìkan. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi í sínú ìwé tirẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Wọ́n là á sí mẹ́ta: okun tó tán, ọkàn tó jìnnà sí iṣẹ́ tàbí tó korò sí i, àti iṣẹ́ tí kò dọ́ṣọ̀ mọ́. Wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe àìsàn, àti pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n lò ó fún. Bí a bá tẹ̀ lé òfin yẹn, ọmọ tó ń kàwé ní Agbowó kò lè ní “burnout”, nítorí kò tíì ríṣẹ́. “Brain fag” sì ti kúrò láàárín àwọn tí wọ́n tò sínú ìwé. Ọmọ náà wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ń gbóná, kò sí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an.

Ohun tó ń gbóná lórí rẹ̀ kò sì dín kù. Ní 2020, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Bí wọ́n bá ti wọlé padà lẹ́yìn irú ìsinmi tipátipá bẹ́ẹ̀, wọ́n á fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe iṣẹ́ oṣù púpọ̀, ìdánwò á sì gun orí ìdánwò. Owó ilé Agbowó kò dúró dè wọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, ọjọ́ orí kò dúró, àwọn tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń bèèrè ìgbà tí wọn yóò ṣe tán.

Nítorí èyí, bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sílé lórí fóònù, yálà ó pè é ní “brain fag”, “stress” tàbí “mo ti drain”, ìbéèrè ló yẹ kí ó tẹ̀ lé e, kì í ṣe “ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ kàwé ni?” Mélòó ni ó ń sùn lálẹ́? Kí ni ó ń mu tàbí gbé mì kí ó má baà sùn? Ṣé ó ń jẹun? Ojú tó ń ṣe bàìbàì lè jẹ́ pé ojú náà ń wá awò. Orí tó ń fọ́ lè jẹ́ ibà. Ara tó rọ lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, pàápàá lára ọmọbìnrin. Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ni yóò sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun kò wá pẹ̀lú bó ti rẹ̀ ẹ́ tó, tí ó sì ń sọ pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwé. Ìrẹ̀wẹ̀sì nìyẹn lè jẹ́, ó sì ní ìtọ́jú. Bí ó bá mẹ́nu ba ikú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró di ìgbà tí ìdánwò bá parí. Kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kò ní í rìn jìnnà. Ilé ìwòsàn tó wà nínú ọgbà wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Jájà, ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, UCH tó ti wà láti 1957 sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Kí ó má ṣe wá Gẹ̀ẹ́sì ńlá lọ síbẹ̀. Dókítà tó bá bá pàdé lè má kọ “brain fag” sínú fáìlì rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n “orí mi ń gbóná, n kò sùn, ìwé kò sì wọlé mọ́” yóò yé e, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tirẹ̀.